Mọ́tò Wa Kò Fẹ́ Òtútù

Sí àkọ́bí mi, nọ́ọ̀sì tí ń tọ́jú ọmọ ọlọ́mọ ní ìlú ńlá,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ṣé ara ọkọ rẹ le? Ṣé àwọn ọmọ ń jẹun, àbí wọ́n ṣì ń fi oúnjẹ ṣeré? Àwa náà wà dáadáa níbí, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run tó jí wa lónìí, tí kò sì jẹ́ kí fùláwà tán nílé. Mo gbà á ládùúrà pé ọwọ́ tí o fi ń tọ́jú aláìsàn kò ní di ọwọ́ tí wọ́n ń tọ́jú. Ẹsẹ̀ tí o fi ń rìn káàkiri wọ́ọ̀dù kò ní wú. Ọ̀gá rẹ tí o ní ó máa ń jágbe mọ́ yín láàárọ̀, Ọlọ́run yóò wá iṣẹ́ tó dára ju ìyẹn lọ fún un, ní ibi tó jìnnà sí ọ. Àmín.

Má bínú pé ìwé ni mo fi ń bá ọ sọ̀rọ̀. Fóònù tí o rà fún mi ti kú. Èmi ni mo pa á, ṣùgbọ́n ire ni mo rò sí i. Láti ìgbà tí mo ti mọ̀ pé kò yẹ kí èèyàn fi irin tútù ṣiṣẹ́ líle, mo ní kí n máa fi fóònù náà sí èjìká ààrò búrẹ́dì fún ìgbà díẹ̀ kí n tó pè ọ́, kí ohun tó wà nínú ẹ̀ lè rọ̀, kí ohùn mi má baà máa ha á lọ́fun. Ó kọ́kọ́ dára, ìwọ gan-an sọ pé o ń gbọ́ mi ketekete. Nígbà tó yá ni ẹ̀yìn rẹ̀ wú, ojú rẹ̀ sì ṣókùnkùn, ó ṣe ṣíì, ó dákẹ́. Bàbá rẹ ní ṣé n ò mọ̀ pé fóònù kò ní ẹ́ńjìnnì ni. Mo ní ta ló sọ fún wọn? Ṣé wọ́n ti tú u wò rí ni?

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ fóònù ló gbé mi jókòó. Mo ń kọ̀wé yìí kí o lè bá mi yọ̀. Mo ti borí! Wọn ò ta mọ́tò wa mọ́. Ọkùnrin tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Onírin, ẹni tó máa ń ra òkú mọ́tò, tó ń gé wọn wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ fún àwọn tó ń yọ́ irin, ó wá, kò sì rí i gbé lọ. Bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí, mo ń wo mọ́tò náà láti ojú fèrèsé. Ó dúró sí àgbàlá, mo ti nù ún, adìẹ kan fẹ́ gun orí rẹ̀, mo sì ti lé e dànù.

O gbọ́ díẹ̀díẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ náà lórí fóònù, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé o kò gbọ́ ọ délẹ̀, torí ariwo ààrò àti ariwo bàbá rẹ. Jẹ́ kí n tò ó fún ọ bó ṣe yẹ, kí o lè kà á sétí àwọn nọ́ọ̀sì ẹlẹgbẹ́ rẹ.

O rántí pé lọ́dún tó kọjá, nígbà tí ooru mú gan-an, mọ́tò hó mọ́ mi lórí òkè ilé ìwé, níbi tí mo ti ń gbé búrẹ́dì lọ fún àwọn ọmọ tó ń gbé ọgbà. Ó hó bí ìkòkò tí wọ́n gbàgbé sórí iná. Ilẹ̀ ṣú kí n tó délé. Nígbà tí Mẹkáníìkì wò ó, ó ní ohun kékeré kan wà ní ọ̀nà ọ̀fun ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ń pè ní tamositáàtì, pé iṣẹ́ ẹ̀ ni láti dá omi dúró kó má tètè dé rédíétọ̀, níbi tí omi ti ń tutù. Ó ní àwọn tó ṣe mọ́tò fi í síbẹ̀ nítorí òtútù ìlú wọn, pé kí la fẹ́ fi ṣe nínú ooru tiwa yìí? Ó ní gbogbo mọ́tò tó wà lábẹ́ igi òun ni òun ti yọ tiwọn. Ló bá fà á yọ, ó jù ú sínú agolo, ó dé ibẹ̀ padà. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, mo tún fún un ní búrẹ́dì.

Inú mi dùn, ọmọ mi! Láti ọjọ́ náà, abẹ́rẹ́ tó wà níwájú, èyí tí ń sọ bí ẹ́ńjìnnì ṣe gbóná tó, kò dìde mọ́. Ó sùn gbalaja sí ìsàlẹ̀. Èmi tí mo bí nọ́ọ̀sì, ṣé ẹnikẹ́ni ló tún fẹ́ kọ́ mi pé ibà ò dára? Mo ní mọ́tò tèmi ti bọ́ lọ́wọ́ ibà títí láé. Mo tún ràn án lọ́wọ́: mo ń rẹ aṣọ sínú omi, mo ń tẹ́ ẹ sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kí n tó jáde. Tẹmọ́mítà tí o fi ránṣẹ́ sí bàbá rẹ, mo máa ń kì í bọ ẹ̀gbẹ́ táyà iwájú láàárọ̀, torí ibẹ̀ ló jọ abíyá jù lára mọ́tò. Tó bá ti ké pí-pí-pí, bàbá rẹ á kà á. Wọ́n ní ó kọ "Lo", pé ó ń sọ pé kí n máa lọ. Èmi náà á sì máa lọ, ọkàn mi á balẹ̀.

Àfi bí mọ́tò ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bákan. Ó ń mu bẹntiróòlù bí ẹni tó jẹ iyọ̀ yó. Ọ́ìlì tí mo bá dà sí i, kì í pẹ́ tó fi ń dín kù. Mo fa ọ̀pá tí wọ́n fi ń wọn ọ́ìlì yọ, mo gbóòórùn rẹ̀, bẹntiróòlù ló ń rùn. Mo ṣí ìdérí ibi tí wọ́n ń da ọ́ìlì sí, mo bá ẹrẹ̀ funfun níbẹ̀, bíi fùláwà tí wọ́n pò tí kò dáa. Èéfín ń tú yẹ́ẹ́ lẹ́yìn mi, àwọn aládùúgbò á ti fèrèsé tí wọ́n bá ti gbóhùn mi. Ní orí òkè, mọ́tò á máa mí hẹlẹhẹlẹ, àwọn ọmọ ilé ìwé tí ń fẹsẹ̀ rìn á sì kọjá lára mi, wọ́n á tún kí mi. Búrẹ́dì bẹ̀rẹ̀ sí í dé lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ti wọ kíláàsì. Ìyá Alásè ilé ìwé pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní òun fẹ́ràn búrẹ́dì mi, ṣùgbọ́n tó bá tún pẹ́ bẹ́ẹ̀, òun á máa gbà á lọ́wọ́ ọkọ̀ tó ń wá láti ìlú.

Mẹkáníìkì gbé etí lé ẹ́ńjìnnì, ó mi orí. Ó ní inú ẹ̀ ti jẹ, pé irin ti ń ha irin, pé àwọn ríìngì tó yẹ kó fún pinpin ti ń fi àyè sílẹ̀, ìdí nìyẹn tí ọ́ìlì fi ń jó dànù di èéfín. Mo ní báwo? Ṣebí ara ẹ̀ tutù! Ó ní ọjọ́ orí ni. Bí bàbá rẹ ṣe gbọ́ ọjọ́ orí báyìí, wọ́n ní kí wọ́n ránṣẹ́ pe Onírin. Onírin wá, ó gbá mọ́tò lára gbàmù gbàmù, ó ń wò ó bí ẹni tó ń wo ẹran tó fẹ́ pa. Òun àti bàbá rẹ fẹnu kò pé á wá gbé e ní ọjọ́ Ẹtì.

Mo yarí. Mo ní kí ni n ó fi gbé búrẹ́dì gun òkè? Wọ́n ní kí n máa ṣe ìwọ̀nba tí àdúgbò lè jẹ, kí n sinmi, pé mo ti ṣiṣẹ́ tó. Háà! Èmi, kí n máa ṣe ìwọ̀nba? Ilé ìwé yẹn ló ń mú ààrò mi jó. Bí mọ́tò bá lọ, ilé ìwé lọ, n ó sì di ìyá arúgbó tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà tó ń bi àwọn ọmọdé pé níbo ni wọ́n ń lọ. Inú bí mi dé ibi pé n ò bá bàbá rẹ sọ̀rọ̀, àyàfi tí mo bá fẹ́ kí wọ́n bá mi gbé nǹkan.

Ìgbà yẹn ni mo pè ọ́, tí o ní kí n má sunkún, tí o sì lọ fa dírẹ́bà ambuláńsì yín wá sórí fóònù. O ní òun ló ń mú ògbólógbòó ọkọ̀ ọsibítù yín ṣiṣẹ́. Ó ní òun fẹ́ rí ẹ́ńjìnnì náà, ni mo bá ki fóònù bọ abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì kó lè rí i dáadáa. Bí èéfín ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í rú, mo mú abẹ̀bẹ̀, mo ń fẹ́ ojú fóònù kó má baà fún un níkọ́. Ó sì wúkọ́! O ní òtútù ló mú un láti àná, ṣùgbọ́n èmi mọ ohun tí mo rí. Ó bi mí pé níbo ni abẹ́rẹ́ máa ń wà tí mo bá ń wakọ̀. Mo fi ìgbéraga dá a lóhùn pé ó máa ń sùn ni, pé a ò ní ibà nílé wa. Ọkùnrin yẹn ké yéè bí ẹni tí nǹkan ta.

Ó ní kí n gbọ́ o. Ó ní ẹ́ńjìnnì ní ìwọ̀n ooru tí wọ́n ṣe é fún. Tó bá ti tutù jù, ọ́ìlì á ki, kò ní tètè dé ibi tó yẹ kó dé. Bẹntiróòlù tí kò jó tán á máa ṣàn lára ògiri inú ẹ̀, á máa fọ ọ́ìlì kúrò níbẹ̀, á sì kán lọ pò mọ́ ọ́ìlì tó wà nísàlẹ̀. Omi tí ń jáde látinú jíjó yẹn náà, kò sí ooru tí yóò lé e jáde, á kàn jókòó síbẹ̀, á di ẹrẹ̀, á máa jẹ irin. Ó ní àwọn irin inú ẹ̀ pàápàá máa ń wú díẹ̀ tí wọ́n bá gbóná, ìgbà yẹn ni wọ́n ń bára wọn mu. Tí wọ́n bá tutù, àyè á wà láàárín wọn, wọ́n á máa gbá ara wọn. Ó ní ọjọ́ tó hó yẹn kò dáa, ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí mo ti ń fi òtútù wà á yìí, inú ẹ̀ ló ń jẹ díẹ̀díẹ̀. Ó ní kí n lọ dá tamositáàtì yẹn padà síbẹ̀, kí n sì wá ohun tó jẹ́ kó hó gan-an.

N ò ní purọ́ fún ọ, inú bí mi. Mo ní kí ó má kọ́ mi ní ọ̀rọ̀ ooru, èmi tí ojú mi ti ń pọ́n nídìí ààrò kí wọ́n tó bí i. Mo ní ẹni tó wà ní ọsibítù tó ń ní kí wọ́n mú ara gbóná, irú ọsibítù wo nìyẹn? O rántí pé mo pa fóònù mọ́ ọn lẹ́nu. Jọ̀ọ́ bá mi bẹ̀ ẹ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, bàbá rẹ fẹ́ bẹ̀ mí, wọ́n ní àwọn á bá mi ki búrẹ́dì bọ ààrò. Mo gbà, n ò sì wo ẹ̀yìn. Wọn ò jẹ́ kí ààrò gbóná tó, wọ́n ti to gbogbo páànù sínú ẹ̀, wọ́n ní ooru á bá a níbẹ̀. Búrẹ́dì jókòó pẹ̀tẹ̀, kò dìde, ó funfun, inú ẹ̀ ń fà yọ̀ọ̀, ó lẹ̀ mọ́ páànù débi pé ọ̀bẹ la fi ha á. Iná kan náà ni, fùláwà kan náà, ọwọ́ mi kan náà ló pò ó. Mo dúró, mo ń wo páànù tí mo ti ha títí ara ẹ̀ fi bó. Mo wá jókòó sórí àpò fùláwà, mo gbá orí mi mú. Mo ní ohun tí mo ń ṣe fún mọ́tò gan-an nìyí! Ará mi, mo bú sẹ́rìn-ín. Bàbá rẹ rò pé àwọn ni mò ń fi ṣẹ̀rín, wọ́n bínú jáde.

Bí ojú mi ṣe là báyìí, n ò tún fẹ́ dúró de ẹnikẹ́ni. Mo wa ẹyin iná látinú ààrò sínú ògbólógbòó páànù kan, mo tì í sábẹ́ ẹ́ńjìnnì, mo ní mọ́tò mi á gbóná lónìí bí búrẹ́dì ṣe ń gbóná. Má tíì pariwo. Mo mọ̀ báyìí pé bẹntiróòlù àti ẹyin iná kì í ṣọ̀rẹ́. Bàbá rẹ ló rí i, wọ́n sáré wá pẹ̀lú garawa omi, wọ́n dà á, ìdajì bọ́ sórí iná, ìdajì bọ́ sí mi lára. Gbogbo àdúgbò jáde. Mo dúró níbẹ̀ pẹ̀lú omi ní irun, mo sọ fún wọn pé ìṣègùn ni mò ń ṣe.

Lẹ́yìn ìyẹn, mo ní ó dáa, kó fúnra ẹ̀ gbóná. Mo ṣíná sí i nígbà tí ojúmọ́ là, mo fi í sílẹ̀ nídùúró kó máa kùn, mo lọ pò fùláwà, mo lọ wẹ̀, mo jẹun, mo tún bá ẹlẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa sọ̀rọ̀ lórí ògiri. Nígbà tí mo padà, abẹ́rẹ́ ṣì sùn, bẹntiróòlù sì ti tán. Ìgbà tí mo pè ọ́ láti fẹjọ́ sùn ni o ní dírẹ́bà yín sọ pé rárá, kì í ṣe kí n fi í sílẹ̀ kó máa kùn lórí ìdúró. Ó ní kí n ṣíná, kí n jẹ́ kó mí díẹ̀, kí n sì máa wà á lọ jẹ́jẹ́, kí n má tẹ̀ ẹ́ gidi títí abẹ́rẹ́ á fi dìde. Ó sì ní tí ohun kékeré yẹn kò bá sí ní ọ̀fun ẹ̀, abẹ́rẹ́ ò lè dìde bó ṣe yẹ, àfi kí n máa sun bẹntiróòlù dànù.

Mo dé ọ̀dọ̀ Mẹkáníìkì, mo ní kó bá mi dá ohun mi padà. Ó fi mí rẹ́rìn-ín. Mo gbé àga rẹ̀ kan ṣoṣo, mo gbé e sí àárín ibi iṣẹ́ rẹ̀, mo jókòó lé e, mo tẹ́ ìró mi dáadáa. Mo ní ibi tí n ó sùn nìyí. Ó bẹ̀ mí, mi ò dìde. Oníbàárà wá, mo kí wọn káàbọ̀, mo ní ọ̀gá ò tíì ráyè. Nígbà tó rí i pé n ò ṣeré, ó lọ wo inú agolo rẹ̀, tèmi ti dípẹtà, ló bá lọ ra tuntun wá. Mo ní dírẹ́bà ambuláńsì sọ pé kí wọ́n kọ́kọ́ sè é wò. Ó ní kí wọ́n sè é? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, nínú omi. Kò ní ìkòkò, la bá jọ wá sílé.

Mo fẹ́ kí o fojú inú wo ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Mo gbé ìkòkò kaná, Mẹkáníìkì fi okùn so ohun kékeré yẹn, ó rọ̀ ọ́ sínú omi. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dorí kọ ìkòkò. Omi lọ́ wọ́ọ́rọ́, kò ṣe nǹkan kan. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, kò ṣe nǹkan kan, bàbá rẹ ti fẹ́ máa yínmú. Bí omi ṣe fẹ́ máa hó báyìí, ohun yẹn la ẹnu! Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án! Ó la ẹnu wàì, ó dúró bẹ́ẹ̀. Bàbá rẹ ṣí fìlà. Mẹkáníìkì fà á jáde síta, ara ẹ̀ tutù, ó tún pa ẹnu dé. Bàbá rẹ ní kí wọ́n tún un ṣe. Wọ́n tún un ṣe. Wọ́n ní kí wọ́n tún un ṣe. Wọ́n bi Mẹkáníìkì pé ta ló kọ́ ohun kékeré náà, Mẹkáníìkì ní bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn, pé láti ìgbà tí òun ti ń kọ́ṣẹ́ ni òun ti ń yọ ọ́ dànù, òun ò tíì rí i níbi tó ti ń ṣiṣẹ́ rí. Bàbá rẹ wò mí, wọ́n ní ó mọ ìgbà tó yẹ kí èèyàn la ẹnu ju àwọn kan nílé yìí lọ. Mo dá wọn lóhùn pé ó sì mọ ìgbà tó yẹ kó gbóná. Ẹ̀rín pa Mẹkáníìkì, àṣé a ti ń bára wa sọ̀rọ̀ padà.

Ó fi í sí i. Ó tú rédíétọ̀, ìdọ̀tí àti kòkòrò tó kú ti dí ojú ẹ̀ pátápátá, rọ́bà kan tí ń gbé omi sì ti sán. Ẹ̀hẹ́n! Ohun tó jẹ́ kó hó nìyẹn, ohun kékeré yẹn ò mọwọ́ mẹsẹ̀. Ó fọ̀ ọ́, ó pààrọ̀ rọ́bà, ó da ọ́ìlì tó ń rùn yẹn nù, ó rọ tuntun. Ṣùgbọ́n bàbá rẹ ní àwọn ti ṣèlérí fún Onírin, pé àfi tí mọ́tò bá gbé ẹrù búrẹ́dì gun òkè, tó sì padà wálé láìhó. Mo ní ó ti tán.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì tí wọ́n dá, Onírin ti dé kí n tó kó búrẹ́dì tán, ó gbé lọ́rì rẹ̀ dí ẹnu ọ̀nà, ó mú okùn dání. Mo ní kó yẹ̀ mí lọ́nà. Nígbà tó gbọ́ ibi tí mò ń lọ, ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun á kúkú máa tẹ̀lé mi bọ̀, kí òun lè so ó lókùn níbi tó bá kú sí. Bàbá rẹ dúró sẹ́nu ọ̀nà.

Mo ṣíná. Mo jẹ́ kó mí. Mo rọra gbéra, mo ń lọ jẹ́jẹ́, Onírin ń fọn fèrè lẹ́yìn mi. Ni abẹ́rẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dìde. Ọmọ mi! Ó ti mọ́ mi lára kó máa sùn. Ọwọ́ mi fẹ́ lọ pa iná, mo bá ọwọ́ mi wí. Ó ń gòkè, ó ń gòkè, ó dé àárín, ó dúró. Mo ń retí kó tún máa lọ, kò lọ. Ó dúró ṣinṣin síbẹ̀ bí ẹni tó ti dé ilé ara ẹ̀. Mo dé ìsàlẹ̀ òkè, mo pe orúkọ Ọlọ́run, mo tẹ̀ ẹ́.

Ó gùn ún! Mo ní ó gun òkè yẹn! Ohùn ẹ̀ yàtọ̀, kò mí hẹlẹ mọ́, abẹ́rẹ́ ò kúrò ní àárín. Mo kọjá lára àwọn ọmọ tí ń fẹsẹ̀ rìn, èmi ni mo kí wọn. Mo wọ ọgbà ilé ìwé, Ìyá Alásè ṣẹ̀ṣẹ̀ ń to ife sórí tábìlì. Ó fọwọ́ kan búrẹ́dì, ó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ó ní ṣé mọ́tò tuntun ni mo rà ni. Mo jó níbẹ̀, láàárín ilé ìdáná wọn, n ò bi ẹnikẹ́ni bóyá ó yẹ.

Mo wá ń sọ̀kalẹ̀ bọ̀, kí ni mo rí? Lọ́rì Onírin ló dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, bọ́nẹ́ẹ̀tì ẹ̀ là sókè, ooru ń rú jáde bíi ti ìkòkò mi. Ó jókòó sórí òkúta, okùn ṣì wà lọ́wọ́ ẹ̀. Mo dúró. Mo kí i pẹ̀lẹ́, mo sì kí i dáadáa, torí mo ti jókòó sórí irú òkúta yẹn rí. Mo ní kó wọlé. Ó wo mọ́tò, ó wo mí, ó wọlé. Nígbà tó ṣe díẹ̀, ó bi mí pé kí ni abẹ́rẹ́ tó dúró sí àárín yẹn. Mo ṣàlàyé fún un láti orí òkè títí dé ilé.

Bàbá rẹ ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà bí mo ṣe fi wọ́n sílẹ̀. Onírin sọ̀kalẹ̀, ó ń sọ bí lọ́rì ẹ̀ ṣe hó, wọn ò tilẹ̀ wo ọ̀dọ̀ ẹ̀. Èmi ni wọ́n ń wò. Wọ́n di ilẹ̀kùn mọ́tò mú, wọ́n ní láti ọjọ́ tí ilẹ̀ ti ṣú mọ́ mi lórí òkè lọ́dún tó kọjá, kò sí àárọ̀ tí mo gbé búrẹ́dì jáde tí ọkàn àwọn balẹ̀. Wọ́n ní àwọn ò kórìíra mọ́tò. Wọ́n ní àwọn kàn ń wá ohun tí yóò jẹ́ kí n máa wà nílé ni. Èmi tí mo ti pèsè gbogbo yẹ̀yẹ́ tí mo fẹ́ fi wọ́n ṣe, mo kó gbogbo ẹ̀ jù nù. Mo ní kí wọ́n máa bá mi lọ nígbà náà. Wọ́n ní ṣé òótọ́ ni mo sọ.

Torí náà, bàbá rẹ ti ń jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi láràárọ̀ báyìí. Mọ́tò ṣì ń mu ọ́ìlì díẹ̀, torí dírẹ́bà yín ti ní ohun tó ti jẹ kì í hù padà, ṣùgbọ́n èyí tó kù á pẹ́. Èéfín ti dín kù, àwọn aládùúgbò ti ṣí fèrèsé. Iṣẹ́ bàbá rẹ ni láti máa ṣọ́ abẹ́rẹ́ kí èmi lè gbájú mọ́ ọ̀nà. Wọ́n fẹ́ràn iṣẹ́ náà gan-an. Wọ́n á jókòó ṣánṣán, wọ́n á máa kígbe pé ó wà ní àárín, máa lọ, ó wà ní àárín. Àná ni wọ́n ń kígbe bẹ́ẹ̀ tí mọ́tò fi dákẹ́ lójú ọ̀nà. Àṣé abẹ́rẹ́ bẹntiróòlù ni wọ́n ti ń ṣọ́ láti ọjọ́ yìí, wọn ò sì rí ọ̀kankan nínú méjèèjì dáadáa. Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn ò sọ. Wọ́n ní ẹ̀rù ń ba àwọn kí n má lọ sọ pé kí àwọn dúró sílé.

Nítorí náà, jọ̀wọ́, ra awò ojú ránṣẹ́ sí bàbá rẹ. Má fi owó ẹ̀ ránṣẹ́, mi ò fẹ́ kí ó di fùláwà lọ́wọ́ mi. Kó jẹ́ èyí tó nípọn, tó ní okùn lẹ́yìn, torí ọ̀nà òkè yẹn ń gbọ̀n, mi ò sì fẹ́ kó bọ́ lójú wọn. Wọ́n ní kí n má sọ fún ọ pé ojú ń dùn wọ́n, torí náà má sọ pé mo sọ.

Ọlọ́run yóò wà pẹ̀lú rẹ nínú ìjáde àti ìwọlé rẹ. Bí o bá gun òkè, wàá dé orí rẹ̀. Bí o bá ń sọ̀kalẹ̀, ẹni tó fẹ́ràn rẹ yóò wà lẹ́nu ọ̀nà tí ń wò ọ́ bọ̀. Ìwọ náà, mú ara rẹ móoru.

Èmi ni ìyá rẹ, oníbúrẹ́dì orí òkè. Bàbá rẹ kí ọ, wọ́n ti wà nínú mọ́tò, wọ́n ń fọn fèrè pé ilẹ̀ ti mọ́.